Orí Ejò Tí Ọdẹ́rìndé Sin

Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tí o ń run ẹ̀pà lẹ́nu yẹn, gbé e mì kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí n kì í bá ẹ̀pà du ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ mọ̀ mí. Èmi tí mo fi ọwọ́ òsì mú ẹfọ̀n níwo, tí mo ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ iṣu sísun lọ, n kì í parọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó dìde kí a rí i. Ṣé ẹ rí i pé kò sẹ́ni tó dìde? Ó dára. Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́rìndé ọ̀rẹ́ mi ni mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án yìí, òun àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀, àti ejò kan tó wọ aṣọ tó ju ti ọba lọ.

Ọdẹ́rìndé mọ ọdẹ ṣe, n kò ní í gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀! Ẹnu yẹn gùn ju ìbọn rẹ̀ lọ. Níbi ìpàdé àwa ọdẹ, ó dìde, ó gbá àyà, ó ní kò sí ejò kan lábẹ́ ọ̀run tí òun kò mọ orúkọ rẹ̀, pé bí ejò bá kọjá lórí ewé gbígbẹ báyìí, òun yóò dárúkọ rẹ̀, òun yóò sì dárúkọ ìyá tó bí i. Olúọ́dẹ wa wò ó títí. Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, o káre. Ejò kan wà ní ìkọjá òkun, nínú igbó ilẹ̀ tí àwọn Àgùdà ti wá. Wọ́n fi pupa, dúdú àti funfun de ìgbànú sí i lára láti ọrùn dé ìrù. Lọ bá mi mú orúkọ rẹ̀ wá." Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí ni ọkùnrin yẹn tún fẹ́ sọ lójú gbogbo wa? Ó ní òun ti ń lọ nìyẹn.

Àwẹ̀ró gbọ́, ó di ẹrù tirẹ̀ náà. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ obìnrin yìí, ahọ́n rẹ̀ mú. Ó lè bú ènìyàn láti ìgbà tí iṣu ti dé orí iná títí yóò fi jinná, kò sì ní í lo èébú kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọdẹ́rìndé bi í pé, "Níbo lò ń bá mi lọ?" Ó ní, "Ibi tí ẹnu yín bá gbé yín dé ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣìnà oko àna yín, ẹ̀yin lẹ fẹ́ dá kọjá òkun!"

Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe kọjá òkun o. Ìrókò kan wà nínú igbó wa tí inú rẹ̀ ṣófo. Wọ́n gba ihò rẹ̀ wọlé níhìn-ín, wọ́n gba ihò igi mìíràn jáde lọ́hùn-ún, omi kò kan wọ́n létí aṣọ. Igbó tí wọ́n bọ́ sí, àwọn igi ibẹ̀ a máa ṣépè fún ara wọn. Ọ̀bọ ibẹ̀ ń kí ènìyàn, ó sì ń retí ìdáhùn. Bí o kò bá dá a lóhùn, yóò lọ sọ fún gbogbo ẹbí rẹ̀ pé wọn kò kọ́ ọ nílé. Ẹbọra olórí mẹ́rin kan dúró ní oríta, orí kọ̀ọ̀kan ń júwe ọ̀nà tirẹ̀, gbogbo wọn ń búra. Àwẹ̀ró bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bú wọn títí ojú fi ti èyí tó kéré jù nínú wọn, ìyẹn ló wá sọ òótọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n kúrò níbẹ̀ ni wọ́n bá ejò náà lábẹ́ ewé. Pupa, dúdú, funfun, dúdú, pupa, ó ń dán bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi epo ra á lára. Ọdẹ́rìndé ló kọ́kọ́ rí i. Ó yẹ kó fa ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn, àbí? Ọkùnrin yìí gbójú sókè, ó ń ronú orúkọ! Ó ní, "Àwẹ̀ró, dúró ná, mo mọ èyí. Ìbátan agbádú ni. Rárá o, ọmọ ìyá òjòlá ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo pa ní..." Ibi tó ti ń to ìdílé ejò lọ ni Àwẹ̀ró ti fi ẹsẹ̀ tẹ ìrù rẹ̀. Ejò yí orí padà, ó bù ú jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀, kò sì tètè fi í sílẹ̀. Ńṣe ló ń run ún lẹ́nu bí ẹni ń jẹ ìrèké.

Ọdẹ́rìndé fa àdá yọ. Orí ejò lọ sápá kan, ara rẹ̀ lọ sápá kan. Ẹ̀yin ọdẹ tí ẹ wà níbí, kí ni ọdẹ tí wọ́n kọ́ dáadáa máa ń ṣe sí orí ejò? Ẹ ṣeun. A ó gbẹ́ ilẹ̀, a ó sin ín, nítorí eyín ejò tó ti kú ṣì ń pa ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Ọdẹ́rìndé gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi kan tí ìtàkùn pupa dì mọ́, ó sin orí náà, ó tẹ orí ilẹ̀ ibẹ̀ gírígírí, ó tilẹ̀ gbé òkúta lé e. Ó fi ara ejò kọ́ ọrùn, ó pọn ìyàwó rẹ̀, ó mú ọ̀nà pọ̀n.

Ó bi í pé, "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ẹbí ejò nígbà tó ń jẹ mí lẹ dùn mí jù."

Ẹsẹ̀ náà kò sì wú. Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín, ó ní ejò tó múra tó báyìí kì í ní nǹkan gidi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń rìn lọ, ó gbọ́ pé èébú tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn òun ti ń fà bí ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí. Ó sọ ìyàwó rẹ̀ kalẹ̀, ó wò ó lójú. Ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì ti ń wálẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Ẹ̀rù ba Ọdẹ́rìndé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀rù kì í ba ọdẹ. Ẹ̀rù bà á dé eegun.

Ìlú tó gbé e dé ni wọ́n ń pè ní Asọ-Ejò-Lórúkọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń ṣe níbẹ̀: wọn a sọ ejò lórúkọ, wọn a gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn a tún fún un ní òmíràn. Ejò kan wà lọ́dọ̀ wọn tí orúkọ rẹ̀ pọ̀ ju ìpẹ́ ara rẹ̀ lọ. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí, ara wọn ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá rí ejò, orúkọ baba tirẹ̀ ni yóò so mọ́ ọn nírù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ló ń darí ìlú náà. Èkíní ni Akaìpẹ́, tó ń ka ìpẹ́ ikùn ejò láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ẹnìkan bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, ó ti ṣì í kà nìyẹn, yóò tún padà sí ọrùn. Èkejì ni Àwọ̀lójú, tí kò gba ohun kan gbọ́ àfi àwọ̀, orin kan ló sì fi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni Baba Onígò. Òun gbá ìgò ńlá kan mọ́ àyà, inú ọtí líle tó wà nínú rẹ̀ ni ejò tí baba ńlá rẹ̀ kọ́kọ́ sọ lórúkọ wà. Ejò náà ti pẹ́ nínú ọtí débi pé gbogbo àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ó funfun bí ẹ̀kọ. Baba Onígò wá ní ejò tí kò bá funfun bí èyí kì í ṣe ojúlówó, pé àwọn tó ń fi àwọ̀ rìn kiri inú igbó, àṣejù ló ń ṣe wọ́n.

Ẹ̀yìn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìkòkò egbòogi mẹ́ta wà. Ọ̀kan wà fún ẹni tí ojúlówó ejò onígbànú bù jẹ, èyí tó lóró. Ọ̀kan wà fún ẹni tí ayédèrú rẹ̀ bù jẹ, èyí tó kàn wọ irú aṣọ yẹn láti fi dẹ́rù ba ọmọ aráyé. Ìkẹta wà fún irú tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí. Bí ènìyàn bá ṣi ọ̀kan mu fún èkejì, egbòogi yóò pa á kí oró tó ráyè. Ìdérí wọn kì í sì í ṣí, àfi bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi ẹnu kan pe orúkọ kan. Mo bi yín, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ rò pé ó ti ṣí rí? Aláǹtakùn ti kọ́lé sórí ìdérí wọn, ó ti fi í jogún fún ọmọ.

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ejò ló bu ìyàwó mi jẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní egbòogi. Ara ejò náà rèé."

Inú wọn dùn! Kì í ṣe Àwẹ̀ró ni wọ́n wò o, ejò ni wọ́n kó lé. Àwọ̀lójú gbá ìrù mú, ó gbé orin:

"Pupa tó fara kan funfun, ẹ sá o, ẹ sá;
Pupa tó fara kan dúdú, ẹ jẹ́ ká jọ jó."

Ó ní, "Ẹ wò ó, dúdú ló gba pupa mọ́ra lọ́tùn-ún lósì. Ayédèrú ni! Ẹ bá ìyàwó yín bomi sẹ́sẹ̀."

Baba Onígò yọ ṣùtì. "Òkè odò ni wọ́n ti kọ orin yẹn. Àwọn ejò apá ìsàlẹ̀ yìí kò gbọ́ ọ rí, kò sì sí èyí tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò tẹ̀ lé e. Ọmọ iṣẹ́ rẹ mélòó ni orin yẹn ti pa?"

Àwọ̀lójú ní, "Orin kọ́ ló pa wọ́n. Wọn kò mọ̀ ọ́n kọ ni."

Akaìpẹ́ ní kí wọ́n pa ẹnu wọn mọ́, òun ń kà. Àwẹ̀ró wúkọ́. Akaìpẹ́ padà sí ọrùn. Nígbà tó kà á tán, ó na ẹ̀yìn, ó kéde pé iye ìpẹ́ ejò yìí kò bá ti ẹnikẹ́ni mu, irú tuntun ni, Akaìpẹ́ ni kí wọ́n sì máa pè é. Baba Onígò ní òun kò lè sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ṣì ní àwọ̀ lára. Kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú ọtí fún ọgbọ̀n ọdún, kí òun tó wò ó dáadáa.

Ọdẹ́rìndé figbe ta. "Ọgbọ̀n ọdún! Ẹ̀yin ènìyàn, obìnrin yìí ń kú lọ! Kò sí ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà mọ̀ ọ́n kíákíá ni?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹnu rẹ̀ ni! Bí eyín oró bá wà níwájú, ojúlówó ni. Bó bá wà lẹ́yìn, ayédèrú ni. Orí rẹ̀ dà?"

Ọdẹ́rìndé gbé àyà síwájú. "Mo ti sin ín. Ọdẹ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni mí."

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wojú ara wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú yẹn dó, ọ̀rọ̀ tí ẹnu wọn kọ́kọ́ kò lé lórí nìyẹn, pé Ọdẹ́rìndé kò gbọ́n.

Àwẹ̀ró la ẹnu láti bú u. Ètè rẹ̀ mì, ohùn kò jáde. Ọdẹ́rìndé tẹ́tí, ó tún tẹ́tí. Ọkùnrin tó ti ń gbàdúrà láti ìgbà ìyàwó pé kí obìnrin yìí dákẹ́ fún òun díẹ̀, ó mú un léjìká. "Àwẹ̀ró, bú mi! Pè mí ní ọ̀dẹ̀, pè mí ní ewúrẹ́, pè mí ní ohun tó bá wù ọ́!" Kò sí nǹkan kan. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tẹ́ ìyàwó rẹ̀ sórí ẹní, ó ki eré mọ́lẹ̀ sínú igbó.

Ó dé ìdí igi onítàkùn pupa, ó bá ẹbọra kan tó jókòó lé òkúta tí òun fúnra rẹ̀ gbé síbẹ̀. Ẹbọra náà tóbi tó òkìtì ọ̀gán, yẹ̀pẹ̀ ń dà sílẹ̀ ní etí rẹ̀ bó bá ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ohun tí ọmọ ènìyàn bá sin, tèmi ni. N kì í sì í dá òkú padà fún ẹni tí kò mọ orúkọ olóògbé. Ta lo sin síbí?"

Ẹ wo ọ̀fìn! Kò lè mọ orúkọ bí kò bá gba orí, kò sì lè gba orí bí kò bá mọ orúkọ. Èmi ì bá ti ronú. Ọdẹ́rìndé ní tirẹ̀ gbẹ́nu lé e.

"Sèbé ni."

Gbàá! Ẹbọra fọ́ ọ létí.

"Ọ̀ká ni."

Gbàá!

"Paramọ́lẹ̀."

Ojú rẹ̀ ti ń wú.

"Ọmọ ìyá òjòlá ni, mo mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Ti ìyẹn, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbá a. Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín, kò tíì tán o. Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó gbọn eruku, ó ní, "Ó dára, Ejò-Ọdẹ́rìndé ni orúkọ rẹ̀!"

Ẹbọra rẹ́rìn-ín títí yẹ̀pẹ̀ fi kún iwájú rẹ̀. "Àṣé ìwọ náà ti dé ìlú yẹn?" Ó sì ta á nípàá, ó gbé e ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Inú ẹrẹ̀ yẹn ni Ọdẹ́rìndé jókòó sí. Ó rántí ojú Àwẹ̀ró tó ń pa dé. Ó ní, "N kò mọ̀ ọ́n. Baba, n kò mọ orúkọ rẹ̀ rárá. Orúkọ ìyàwó mi ni mo mọ̀. Àwẹ̀ró ni. Kò lè bú mi mọ́. Bí n kò bá gbé orí yìí dé ọ̀hún, ilé tí kò ti sẹ́ni tó máa bá mi jà ni n ó padà sí, n kò sì lè gbé irú ilé bẹ́ẹ̀."

Ẹbọra wá sún kúrò lórí òkúta. "Gbogbo ẹni tó ń wá síbí ló ń sọ orúkọ òkú fún mi. Kò sí èyí tó rántí ẹni tó ń kú lọ. Wú u." Ọdẹ́rìndé kò dúró wá ọkọ́, ìka ló fi wú u. Èékánná rẹ̀ ya, kò mọ̀. Ó fi ewé di orí ejò, ó sá.

Nígbà tó padà dé, èémí Àwẹ̀ró ti kéré débi pé ó ní láti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí i nímú kó tó mọ̀ pé ó wà láàyè. Ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la ẹnu ejò. Níwájú, níwájú pátápátá, eyín oró méjì kéékèèké ń dán. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó, gbogbo wọn rí i. Ẹ gbọ́ ohun tí àgbàlagbà sọ!

Àwọ̀lójú ní, "Ẹ̀yìn ni eyín yìí wà tẹ́lẹ̀. Eré tí àlejò yìí ń sá ló sún un síwájú."

Akaìpẹ́ ní, "Ejò tuntun, eyín tuntun. Ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ nìyẹn."

Baba Onígò gbé ìgò rẹ̀ sókè. "Ejò tèmi kò la ẹnu rí. Ṣé ojúlówó á máa la ẹnu kiri báyìí?"

Inú bí Ọdẹ́rìndé débi pé ó dákẹ́. Mo mọ̀ ọ́n, bó bá ti dákẹ́, kí ènìyàn máa wá ibi sá sí. Ó di ọwọ́ Àwọ̀lójú mú lọ́rùn ọwọ́. "Baba, ẹ ní ayédèrú ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò lóró?"

"Rárá o."

"Ẹ fi ìka yín sí i lẹ́nu kí n rí i." Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ̀yin náà, ẹ mú ìka wá. Kò sí èyí tó ní olóró ni nínú yín, ẹ má bẹ̀rù." Ìbọn wà léjìká rẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n, wọn kò lè sá. Ó fa ìka Àwọ̀lójú lọ síbi ẹnu ejò, díẹ̀díẹ̀. Bí ìka ṣe kù díẹ̀ kó kan ètè, àgbọ̀n orí òkú náà ta pọ́ún.

"Ojúlówó ni!" Àwọ̀lójú ké.

"Ojúlówó ni!" Akaìpẹ́ ké, ó ti fi ìka rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ abíyá.

"Ojúlówó pọ́ńbélé!" Baba Onígò ké.

Àṣé wọ́n mọ̀ ọ́n! Wọ́n mọ̀ ọ́n látìgbà tí wọ́n ti rí eyín yẹn, torí pé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ló ṣì wà nínú ọ̀ràn náà ni wọ́n ṣe ráyè jiyàn. Ìdérí ìkòkò àkọ́kọ́ fò sókè. Ọdẹ́rìndé bu egbòogi, ó gbé orí ìyàwó rẹ̀ lé itan, ó ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu ní ìkán-ìkán, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń bẹ orí rẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ìpéǹpéjú kan gbéra. Èkejì tẹ̀ lé e. Ètè Àwẹ̀ró ń mì. Ọdẹ́rìndé sáré gbé etí sí i.

Àwẹ̀ró ní, "Ẹ gbé ojú yín kúrò lójú mi. Ẹ ń rùn bí ẹrẹ̀."

Ọkùnrin náà sunkún bí ọmọdé. Mo ní ó sunkún, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti ń sunkún ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti mú ọ̀bẹ àti ìgò òfìfo dé. Wọ́n ní àwọn ti gbà á pé ojúlówó ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò pé. Kí obìnrin náà jọ̀ọ́ yọ̀ǹda ẹsẹ̀ tí ejò bù jẹ, kí àwọn rẹ ẹ́ sínú ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ọdẹ́rìndé pọn ìyàwó rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Kò tíì rìn jìnnà tí ariwo fi sọ lẹ́yìn wọn. Àwọ̀lójú ní òun ni òun kọ́kọ́ pè é ní ojúlówó, orúkọ òun ni kó jẹ́. Akaìpẹ́ fa agbádá rẹ̀ ya. Ìgò Baba Onígò bọ́, ó fọ́, ejò funfun ti baba ńlá rẹ̀ yọ̀ sínú eruku, adìẹ kan sì gbé e sá lọ. Ìjà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn rí i.

Àwẹ̀ró gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń jà sí?"

"Orúkọ tí ejò yẹn máa jẹ́ ni."

Àwẹ̀ró ní, "Ejò ọ̀hún, ṣé ó bi mí lórúkọ kó tó bù mí jẹ?"

Ọdẹ́rìndé tún ọ̀já rẹ̀ so kó lè dì í mú dáadáa, ó ń rìn lọ, obìnrin náà sì ń bú u láti orí ìrìn rẹ̀ dé orí irun rẹ̀, kò lo èébú kan lẹ́ẹ̀mejì. Ọdẹ́rìndé ní òun kò gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun.

Mo ti sọ tèmi. Ẹ dìde, ẹ gbọn eruku ìdí yín. Ẹ̀yin tí ìyàwó ń bú nílé, ẹ yára máa lọ, kí ẹ lọ jókòó tì í, kí ẹ sì gbọ́ ọ dáadáa.